Kí ẹ̀rù má lé ọmọ kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀

Ọmọ tí ẹ̀rù ẹgbẹ́ ń bà kì í sábà sọ ọ́. Inú ló máa ní ó ń run òun láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ẹ má sọ pé irọ́ ló ń pa o. Ẹ̀rù a máa mú inú runni lóòótọ́.

Àkókò ìsinmi ni mo fi ń dá wọn mọ̀ níbi tí mo ti ń kọ́ wọn ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin. Ẹ wo ọmọ tó di owó mọ́wọ́ gírígírí lọ́dọ̀ ìyá alákàrà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń nawọ́, wọ́n ń pariwo. Òun ń fà sẹ́yìn títí wọ́n á fi lu agogo, á sì di owó náà padà sí kíláàsì. Àwọn tó kù ò mọ̀ pé ẹ̀rù ni. Wọ́n á ní, “Ìgbéraga ló ń ṣe é,” wọ́n á sì pa á tì. Bí wọ́n bá ti pa á tì, níbo ló ti fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ́gbẹ́ ṣeré? Ẹ̀rù á túbọ̀ pọ̀ sí i.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ pe ọmọ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó dárúkọ àwọn tó wù ú láti bá ṣeré. Irú ìbéèrè yìí ni Coie, Dodge àti Coppotelli, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, lò nínú ìwádìí wọn ní 1982, tí wọ́n fi ya ọmọ tí ẹgbẹ́ kọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tẹ́nikẹ́ni ò rántí. Wọ́n tún béèrè ẹni tí ọmọ ò fẹ́ràn. Èmi ò ní béèrè ìyẹn ní kíláàsì mi láéláé, torí àwọn ọmọ á lọ máa sọ ohun tí wọ́n dáhùn fún ara wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọmọ náà àti ẹnì kan tó dárúkọ síṣẹ́ pọ̀: kí wọ́n jọ pín ìwé, kí wọ́n jọ nu pátákó. Ẹnì kan péré ti tó. Ẹ̀yin òbí, ẹ pe ẹni yẹn wálé, kẹ́ ẹ gbé ọpọ́n ayò fún wọn. Mo fẹ́ràn ayò fún irú ọmọ yìí gan-an: ọpọ́n ni wọ́n ń wò, kò sẹ́ni tó ń tẹjú mọ́ ẹnì kejì, ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Tó bá yá, ọ̀rọ̀ á bọ́ lẹ́nu wọn fúnra rẹ̀.

Tó bá di ti àkàrà, ẹ má bá a rà á, ẹ má sì tì í síwájú èrò. Kó kọ́kọ́ tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó bá mọ́ ọn lára, òun ni kó na owó náà sí ìyá alákàrà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, “Ẹ ta ọgọ́rùn-ún sẹ́fà fún mi, mà.”

Bí ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa nílé bá lo ju oṣù kan lọ láìlanu níléèwé, láìka oṣù àkọ́kọ́ tó wọlé, ẹ mú un lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ ná, bóyá Faransé tí wọ́n fi ń kọ́ wọn níléèwé ni kò tíì gbọ́.