Àpò irinṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere tí mo gbé láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Bẹ̀nẹ̀

Inú ṣì ń bí mi o. 15,000 sẹ́fà ni mo kó fún ẹni tó ta àpò irinṣẹ́ kẹ̀kẹ́ yẹn fún mi, ó ní kò sí ohun tí mo máa wá lójú ọ̀nà tí mi ò ní bá nínú ẹ̀. Sípánà ńláńlá tó yẹ mọ́tò ló kún ibẹ̀, àpò yẹn sì wúwo bí ọlọ!

Kẹ̀kẹ́ mi, àlòkù Yúróòpù ni, ẹnu tíúbù ẹ̀ tín-ínrín, èyí tí wọ́n ń pè ní Presta, kì í ṣe irú tó wà lára ọ̀kadà àwọn sẹ́míjàn tó ń gbé èrò. Ẹni tó tajà yẹn rí kẹ̀kẹ́ náà dáadáa kó tó gbowó mi.

Kí n tó dé Pobè ni ẹ̀gún gún táyà ẹ̀yìn. Mo tú u, mo lẹ̀ ẹ́, ìyẹn ò le. Afẹ́fẹ́ ló wá di wàhálà, torí pọ́ńpù inú àpò ò wọ ẹnu tíúbù. Mo ti kẹ̀kẹ́ nínú oòrùn títí mo fi bá ọ̀gá kan tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì, ẹ̀rọ ẹ̀ ń pariwo, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, àmọ́ ẹnu rọ́bà ẹ̀ fẹ̀ jù, gbogbo ẹ̀ ń tú síta, fíìì! Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lu ihò ríìmù yìí kó fẹ̀, ká fi tíúbù tiwa sí i." Mo ní láéláé! Ihò yẹn ò ju mìlímítà 6 àtààbọ̀ lọ, tíúbù tiwọn ń fẹ́ 8 àtààbọ̀, ríìmù mi ò sì nípọn, bó bá ya ńkọ́? Ló bá fajú ro, ó ní òun fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, mò ń ṣagídí.

Ìgbà tó yá ló rán ọmọṣẹ́ ẹ̀, mo sanwó sẹ́míjàn fún un kó lè wá idẹ tó máa mú kí rọ́bà ọ̀gá wọ ẹnu tíúbù mi káàkiri ìlú, ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó dé. Idẹ kékeré kan báyìí, kò tó orí ìka, ó níhò nínú. Ẹ máa kọ́kọ́ tú orí Presta yẹn sókè, kí ẹ wá yí idẹ náà mọ́ ọn, rọ́bà ọ̀gá á sì wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. 500 sẹ́fà péré! Owó sẹ́míjàn ju ìyẹn lọ, mo tún sun Pobè.

Láti ibẹ̀ dé Sakété, dé Àjàṣẹ́, kò sí wàhálà kankan. Ibẹ̀ ni mo ti da àpò yẹn sílẹ̀, mo wá ń fi irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wọ gbogbo nọ́ọ̀tì ara kẹ̀kẹ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí ò bá wọ nǹkan kan, mo yọ ọ́. Ohun tó kù ni álẹ́ńkì (irin onígun mẹ́fà tí wọ́n ń kì bọ orí nọ́ọ̀tì) mìlímítà 4, 5 àti 6, sípánà mìlímítà 15 tó ń tú pẹ́dàlì, àti igi rọ́bà méjì tí mo fi ń ṣí táyà. Mo wá ra irin tí wọ́n fi ń já ṣéènì, rọ́bà pélébé tí wọ́n fi ń lẹ tíúbù àti sólúṣọ̀n tó ń mú un lẹ̀, tíúbù tuntun kan, àti idẹ yẹn méjì torí ó rọrùn láti sọnù. Mo gé tíúbù àtijọ́, mo fi di gbogbo ẹ̀ pọ̀ sábẹ́ ìjókòó, ó sì dára lójú mi gan-an! Tí mo bá tún ń lọ sí Sábẹ, òun náà ni mò ń gbé lọ.

Ẹ̀yin tí kẹ̀kẹ́ yín lẹ́nu tín-ínrín, ẹ ra idẹ yẹn kí ẹ tó ra sípánà kankan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ríìmù yín.