Wáyà, Bíréékà àti Ìwé-Ẹ̀rí: Ohun Tó Yẹ Kó Ṣáájú Ẹ̀rọ Amúlétutù

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ amúlétutù sábà máa ń da ara rẹ̀ láàmú lórí iye owó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni bóyá wáyà ilé lè gbé e. HP 1.5 tí ọlọ́jà ń pè ń sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń mú yàrá tutù tó, kì í ṣe iná tó ń jẹ. Iye iná wà lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ: bí ẹ bá rí wáàtì 1,200 níbẹ̀, ẹ fi fólìtì 230 tí iná ilé jẹ́ ní Nàìjíríà pín in, yóò lé díẹ̀ ní ámpù 5. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kì í ṣe inverter (irú amúlétutù tó máa ń gbéra díẹ̀díẹ̀) máa ń fa ìlọ́po mélòó kan iye yìí nígbà tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Ohun tó ń mú kí jẹnẹrétọ̀ kékeré máa kérora nìyẹn.

Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ tó ti inú àpótí bíréékà wá tààrà, tí kò bá sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan pín in. Fún HP 1 àti 1.5, wáyà bàbà 2.5 mm² pẹ̀lú bíréékà ámpù 16 tàbí 20 ni àwọn oníná sábà ń lò. Bó bá di HP 2, tàbí tí ọ̀nà bá jìn, 4 mm² ló fi ọkàn ẹni balẹ̀. Kí ẹ má ṣe gba ẹni tó bá ní kí ẹ fi bíréékà ńlá rọ́pò èyí tó ń já ṣáá, nítorí wáyà ni bíréékà ń dáàbò bò, bí kò bá sì já mọ́, wáyà ni yóò jó nínú ògiri. Wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, èyí tó wọlẹ̀, kò ṣeé yọ sílẹ̀ rárá. Níbi tí iná bá ti máa ń lọ sílẹ̀, ẹ fi sítébíláísà tó máa ń dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó tún gbé iná wọlé sí i.

Ní ti ìwé-ẹ̀rí, NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀, ni òfin fún láṣẹ láti máa yẹ iṣẹ́ iná wò kí ó sì fọwọ́ sí i. Àjọ yìí náà ló ń fún àwọn oníná ní ìwé-ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹ béèrè fún un kí ẹ tó san àsansílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fa wáyà tán, kí wọ́n fi mítà tó ń rán fólìtì 500 sínú wáyà dán an wò bóyá iná ń jò láàárín rẹ̀. Ohun tí mítà bá kà kò gbọdọ̀ dín ní megohm 1 (ìwọ̀n bí ara wáyà ṣe ń dènà kí iná má jò). Kí wọ́n ṣe èyí kí wọ́n tó so ẹ̀rọ mọ́ ọn, nítorí fólìtì 500 lè ba pátákó oníná inú ẹ̀rọ náà jẹ́. Ẹ gba èsì náà lórí ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìfọwọ́sí, kí ẹ sì ya fọ́tò ọ̀nà tí wáyà gbà kí bíríkìlà tó fi sìmẹ́ńtì bò ó.