Bí Mo Ṣe Jẹ́ Kí Réṣíò Yé Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní JSS 2 níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orí rẹ̀ pé, kò sì sí táìmùsì tí kò há sórí. Àmọ́ tó bá ti kan réṣíò, ìyẹn fífi iye nǹkan kan wé ti òmíràn, nọ́ńbà tó bá kọ́kọ́ rí ló máa mú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in kó tó ka ìbéèrè tán. Mo ní kó gbé bírò sílẹ̀ ná.

Ìyá rẹ̀ ń ta láfún lọ́jà Jagun, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. “Bí kóńgò 3 bá jẹ́ ₦2,400, èló ni kóńgò 5?” Kò tiẹ̀ ronú: “₦4,000.” Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní, “Bọ̀dá, kóńgò kan á jẹ́ ₦800, ẹ wá mú un lọ́nà márùn-ún.” Ohun tí tíṣà ń kọ sójú bọ́ọ̀dù náà nìyẹn: wá iye ẹyọ kan, kó o tó wá iye tí wọ́n bi ọ́.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló le. Lébìrà 6 gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní ọjọ́ 10. Ọjọ́ mélòó ni lébìrà 4 máa fi gbẹ́ ẹ? Ó tún fi 6 pín 10, ó mú un lọ́nà mẹ́rin, ó rí ọjọ́ mẹ́fà àti díẹ̀. Mi ò sọ pé kò gbà á. Mo kàn bi í pé, “Ṣé àwọn mẹ́rin ló máa yára ju àwọn mẹ́fà lọ ni?” Ó wo ìwé rẹ̀, ó wò mí. “Rárá o.” Ó yẹ kí ọjọ́ pọ̀ sí i nígbà tí èèyàn dín kù. A wá padà sórí ẹyọ kan: ẹnì kan ṣoṣo á fi ọjọ́ 60 gbẹ́ ẹ, nítorí náà àwọn mẹ́rin á fi 15. Mo jẹ́ kó mọ̀ pé a gbà pé agbára gbogbo wọn dọ́gba. Láìsí ìyẹn, ìṣirò náà kò dúró.

Ìbéèrè tí mo ní kó máa bi ara rẹ̀ ṣáájú ohun gbogbo nìyẹn: bí ọ̀kan bá pọ̀ sí i, kí ni èkejì á ṣe? Á pọ̀ ni, àbí á dín? Ó sì lè má tẹ̀ lé e rárá. Ọmọ ọdún 7 tó ga ní 120 sẹ̀ńtímítà kò ní ga ní 240 tó bá di ọmọ ọdún 14. Ó dùn mí pé wọn kì í fi irú èyí sínú ìbéèrè tó.

Pínpín owó kò gbà wá lákòókò. Èrè ₦45,000 láàárín ẹni mẹ́ta ní 2:3:4: àpapọ̀ ìpín jẹ́ 9, ìpín kan jẹ́ ₦5,000, wọ́n á gba ₦10,000, ₦15,000 àti ₦20,000.

Ibi tí wọ́n ti máa ń mú àwọn ọmọ ni èyí: réṣíò ọkùnrin sí obìnrin nínú kíláàsì jẹ́ 3:5, obìnrin sì fi 12 ju ọkùnrin lọ. Ó ro 3 àti 5 pọ̀, ó fi 8 pín 12, ló bá rí ọkùnrin mẹ́rin àbọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pariwo: “Ọmọ mẹ́rin àbọ̀ kẹ̀!” Mo ya àpótí kéékèèké mẹ́ta sórí ìlà kan, márùn-ún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó fọwọ́ bo àwọn tó bára mu. Ó ku àpótí méjì. “Àwọn méjì yìí ni 12 náà,” ló wí, kí n tó la ẹnu. Àpótí kan jẹ́ 6: ọkùnrin 18, obìnrin 30.

Mo tún rán an létí pé kó sọ ìwọ̀n di irú kan náà kó tó fi wọ́n wéra: 50 sẹ̀ńtímítà sí mítà 2 jẹ́ 50:200, ìyẹn 1:4.

Níkẹyìn, mo fún un ní ti àwọn bíríkìlà: kankéré 1:2:4, sìmẹ́ǹtì, yanrìn àti gírànáìtì, hẹ́dípáànù 35 lápapọ̀ kí wọ́n tó pò ó. Ó kọ 5, 10, 20. Lẹ́yìn náà ló ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ fúnra rẹ̀ láti wò ó bóyá 35 ló máa jẹ́, kó tó gbé ìwé fún mi.