Package wà lórí ẹ̀rọ, ìdánwò Python ní kò sí: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ká ní ẹ wà ní Ìkòròdú, ẹ ń kọ áàpù kékeré kan tí yóò máa bá àwọn ẹlẹ́ja Èbúté ṣírò owó ọjà, tó sì ní fèrèsé tí wọ́n á máa tẹ iye sí. Ẹ ti fi `sudo apt install python3-gi` gbé ohun tí fèrèsé náà nílò sórí Ubuntu yín, ó sì ń ṣiṣẹ́. (apt ni irinṣẹ́ tí Ubuntu fi ń gbé package, ìyẹn àkójọ ètò, wọlé; `gi` sì ni orúkọ tí Python ń pe package yìí.) Ẹ wá ṣí venv (àyè àdádó tó ń ya ohun èlò Python iṣẹ́ kan sọ́tọ̀), ẹ ní kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ó figbe ta: `ModuleNotFoundError: No module named 'gi'`.

Ẹ má tún padà sídìí apt. Package ọ̀hún kò lọ síbì kankan, ó wà ní `/usr/lib/python3/dist-packages`. Venv ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é nìyẹn. Ẹ tún un kọ́: `python3 -m venv --system-site-packages .venv`. Python tó bá Ubuntu wá ni kí ẹ fi kọ́ ọ o. Ti Ubuntu 24.04 jẹ́ 3.12, òun náà ni wọ́n sì ṣe gi inú apt fún. Ẹni tó bá lọ fi 3.13 kọ́ venv kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni.

`sudo pip install` (pip ni irinṣẹ́ tí Python fúnra rẹ̀ fi ń gbé package wọlé) ńkọ́? Ẹ jìnnà sí i. Láti Debian 12 àti Ubuntu 23.04 ni pip ti ń kọ̀ jálẹ̀, tó ń dáhùn pé `externally-managed-environment`. Àwọn kan á sáré fi `--break-system-packages` tì í wọlé. Àwọn irinṣẹ́ Ubuntu fúnra rẹ̀ ń lo Python yẹn. Bó bá dàrú, ẹ ó jẹ dátà kí ẹ tó tún un ṣe.

Bó bá jẹ́ apt ló gbé pytest, irinṣẹ́ tó ń ṣe ìdánwò, wá, `pytest` lásán á máa fi Python ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, kò sì ní rí ohun tí ẹ fi pip kó sínú venv. `python -m pytest` ni kí ẹ máa tẹ̀.

Èyí tó burú jù lójú tèmi kì í pariwo rárá. Àwọn kan á ní bí import gi bá kùnà, kí `gi` jẹ́ `None`, wọ́n á wá kọ ìdánwò báyìí:

```
def test_ferese(self):
    if gi is None:
        return
```

Á ní gbogbo rẹ̀ yege, bẹ́ẹ̀ kò dán nǹkan kan wò. Ẹ lo `@unittest.skipUnless(gi, "python3-gi kò sí")`, kí `OK (skipped=1)` (tàbí `1 skipped` bó bá jẹ́ pytest) lè hàn sójútáyé. Mi ò tiẹ̀ rí ohun tó kan gi nínú ìṣirò owó ẹja. Ẹ yọ ìṣirò yẹn sínú fáìlì tirẹ̀, kí ìdánwò rẹ̀ má nílò fèrèsé kankan. Ẹ sì kọ python3-gi sínú README (fáìlì àlàyé iṣẹ́ náà), torí `requirements.txt`, tó ń to ohun tí pip yóò gbé wọlé, kò mọ apt rí.