Iyọ̀ Tó Bá Òógùn Lọ: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Rìn Jìnnà Nínú Ooru

A kọ ìwé ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn ènìyàn wa tó ń gbé ní Gwagwalada, Kwali, Kuje, Abaji àti Zuba, àti fún àwọn tó wà lókè lọ́hùn-ún ní Minna, Kaduna àti Kano, tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere rin ìrìn tó ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ nínú oòrùn. Àgbẹ̀ tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí oko, tó sì tún ń di àpò àgbàdo sẹ́yìn rẹ̀ bọ̀ wálé, wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dọ́ tó ń gùn ún láàárọ̀ Sátidé láti fi ṣe eré ìdárayá. Láti oṣù Ẹrẹ́nà títí wọ oṣù Igbe, ooru ọ̀sán ní Abuja a máa dé ìwọ̀n 36 tàbí 38 ní Sẹ́líṣíọ̀sì, ti apá Sokoto àti Maiduguri a sì máa kọjá 40. Ẹni tí yóò bá irú ooru bẹ́ẹ̀ jà ní láti mọ ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ òun.

Ẹ mú fìlà tàbí ṣẹ́ẹ̀tì dúdú tí ẹ wọ̀ gun kẹ̀kẹ́ lánàá, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ wá tẹ́ ẹ síta níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ ó rí ìlà funfun wínníwínní tó yí etí fìlà náà ká, àti òmíràn láàárín ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fi ahọ́n kàn án, iyọ̀ ni. Láti inú ara yín ni ó ti jáde. Ní àkókò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí òógùn ń gbẹ kí ó tó ṣàn, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ á sì máa rò pé òun kò làágùn rárá; ìlà funfun yìí ni yóò jẹ́rìí sí i pé ó làágùn.

Ohun tí òógùn ń kó lọ

Òógùn kì í ṣe omi lásán. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tí èròjà rẹ̀ tó ṣe kókó jù ń jẹ́ sódíọ̀mù, pẹ̀lú pọ̀táṣíọ̀mù, kálíṣíọ̀mù àti mágínẹ́síọ̀mù díẹ̀díẹ̀. Àwọn èròjà wọ̀nyí ló ń di omi mú sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn náà ló ń jẹ́ kí iṣan lè fà kí ó sì tún dẹ̀, tí ọkàn fi ń lù bó ṣe yẹ. Àgbàlagbà tó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú ooru lè làágùn ìdajì lítà sí lítà méjì ní wákàtí kan. Sódíọ̀mù inú lítà òógùn kan sábà máa ń wà láàárín 500 àti 1,000 mílígíráàmù, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí tiwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iyọ̀ ìsebẹ̀ tó kún ṣíbí tíì kan, tí a fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé lórí, jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 6, sódíọ̀mù inú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 2,300 mílígíráàmù. Nítorí náà, ẹni tó bá làágùn lítà mẹ́ta láti oko dé ilé lè ti pàdánù iyọ̀ tó tó ṣíbí tíì kan gbáko.

Ara tó ti bá ooru mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì máa ń ṣọ́ iyọ̀ rẹ̀ lò: òógùn á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú rẹ̀ á dín. Ìdí nìyí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi tí ooru kò ti mú tó báyìí kò fi gbọdọ̀ bá àwọn tó ti pẹ́ níbí dije ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ìdí tí omi nìkan kò fi tó

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ti ṣe àṣìṣe yìí rí. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, mo gun kẹ̀kẹ́ láti Zuba lọ sí Kwali, mo sì padà lọ́sàn-án gangan. Gbogbo ènìyàn ló ti ń sọ fún mi pé kí n máa mu omi, mo sì mu ún: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́wàá, omi lásán, láìfi oúnjẹ kankan kàn án. Kí n tó padà dé Gwagwalada, orí ti ń fọ́ mi, èébì ń gbé mi, òrùka ìgbéyàwó mi sì há mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí pé ìka mi ti wú. Mo rò pé òùngbẹ ló ń dà mí láàmú, mo tún na ọwọ́ sí ọ̀rá mìíràn. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà lẹ́bàá ọ̀nà wò mí, ó ní, “Ẹ jókòó, ẹ kọ́kọ́ jẹ nǹkan.” Ẹ̀wà rẹ̀ níyọ̀, ọbẹ̀ rẹ̀ náà níyọ̀. Mo jókòó sábẹ́ igi títí mo fi tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ojú mi tó wálẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi dà bí ọbẹ̀ tí a bu omi lé títí iyọ̀ rẹ̀ fi dàwátì. Sódíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kí ó wà láàárín 135 sí 145 mílímóòlù nínú lítà kan, á já sílẹ̀. Omi á kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, á wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì lọ, ọpọlọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí wú nínú agbárí tí kò ní àyè fún un. Ó lè pa ènìyàn. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ ẹ̀jẹ̀ 488 nínú àwọn sárésáré tó kópa nínú eré Marathon Boston ní 2002 wò lópin eré náà, sódíọ̀mù ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn tó wúwo sí i ju bí wọ́n ṣe wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì bá jù. Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni máa bẹ̀rù omi. Ẹni tí kò mu omi rárá ni ooru kọ́kọ́ ń dá dùbúlẹ̀. Kí omi àti iyọ̀ jọ máa wọlé pọ̀ ni à ń wí.

Bí ẹ ó ṣe mọ iye òógùn tiyín

Ẹ wá òṣùwọ̀n tí kì í purọ́ tí ènìyàn fi ń wọn ara. Kí ẹ tó jáde, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, ẹ wọ aṣọ fúyẹ́ kan, ẹ gun orí rẹ̀, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ rí sílẹ̀. Bí ẹ bá padà dé, ẹ nu òógùn ara yín gbẹ, ẹ tún wọ irú aṣọ gbígbẹ kan náà, kí ẹ tún gùn ún. Kílò kan tó bá dín dúró fún lítà omi kan. Ẹ wá fi iye omi tí ẹ mu lójú ọ̀nà kún un.

Ká sọ pé ẹnì kan wọn kílò 72 ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, ó mu ọ̀rá omi mẹ́rin, tí í ṣe lítà méjì, ó sì wọn kílò 70.8 nígbà tó dé. Kílò 1.2 ló dín. Bí a bá fi lítà méjì tó mu kún un, òógùn rẹ̀ jẹ́ lítà 3.2, ìyẹn lítà kan àti díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹni yìí ṣe dáadáa, nítorí ohun tó dín lára rẹ̀ kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá ti kọjá ìyẹn, agbára ẹsẹ̀ á máa dín kù, ọkàn á sì máa lù kìkì. Bí ó bá wúwo ju bó ṣe jáde lọ, a jẹ́ pé ó ti mu omi jù. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan nígbà ọyẹ́ àti lẹ́ẹ̀kan nígbà ooru, nítorí iye méjèèjì kì í dọ́gba.

Pípo omi oníyọ̀ nínú ilé

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tó kún dáadáa jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, nítorí náà méjì ló di lítà kan. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, kí ẹ sì yẹra fún èyí tó ti sùn sínú oòrùn. Ẹ bu iyọ̀ tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì kan sínú lítà omi náà, pẹ̀lú ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà sí mẹ́wàá, kí ẹ fún ọsàn kan tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹni tí ìlà funfun máa ń pọ̀ lára aṣọ rẹ̀ lè sọ iyọ̀ náà di ìdajì ṣíbí tíì bí ìrìn rẹ̀ bá ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ẹ má fi ojú wọn ọ́n, ẹ má sì fi ọwọ́ bù ú: ẹ bu ṣíbí kún, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ tẹ́jú. Lẹ́yìn tí ẹ bá pò ó tán, ẹ tọ́ ọ wò. Bí ó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, kí ẹ tún òmíràn pò.

Ṣúgà yìí kì í ṣe fún adùn ẹnu nìkan. Nínú ìfun, ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà kọjá ni, omi á sì tẹ̀lé wọn wọlé. Ìmọ̀ yìí ni dókítà Dilip Mahalanabis àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lò ní 1971, nígbà tí kọ́lẹ́rà ń pa àwọn tó sá fún ogun Bangladesh wá sí Bangaon ní Íńdíà: wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà fún wọn mu, ikú tó ń pa nǹkan bíi 30 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn sì já wá sí ìsàlẹ̀ 4. Ṣùgbọ́n bí ṣúgà bá pọ̀ jù, inú kì í tètè gbé omi náà kúrò. Mínírà dídùn inú ìgò máa ń ní ṣúgà tó nǹkan bíi gíráàmù 100 nínú lítà kan, iyọ̀ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Kì í ṣe ohun tí a fi ń rìnrìn àjò nínú oòrùn.

Ẹ má fi kaun rọ́pò iyọ̀, ẹ má sì fi magí rọ́pò rẹ̀. Ohun kan tún wà tí mo ti fi ojú ara mi rí lóko, tí ó sì ń dùn mí: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì tó ti gba oògùn apakoríko tàbí apakòkòrò rí gbé omi mímu, kódà bí ẹ bá fọ̀ ọ́ nígbà ogún. Òórùn lè lọ, kí májèlé ṣì wà níbẹ̀. Omi oníṣúgà tètè ń bàjẹ́ nínú ooru. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó ni kí ẹ pò ó, kí ẹ da èyí tó bá kù lálẹ́ nù, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ìgò náà àti ìdérí rẹ̀.

Lójú ọ̀nà àti nílé

Ẹ máa mu nǹkan bí ìlàjì ọ̀rá kan ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ sì jẹ́ kí òùngbẹ àti iye tí ẹ wọ̀n nílé tọ́ yín sọ́nà. Ìrìn tí kò tó wákàtí kan kò nílò ju omi lásán lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi ẹ̀pà oníyọ̀ àti dàbínù sínú àpò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dára, ó ní pọ̀táṣíọ̀mù púpọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni omi àgbọn, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé àwọn wọ̀nyí lè dípò iyọ̀. Kúnú àti omi òfìò náà ń fún ni lágbára, bí ẹni tó ṣe é bá mọ́ tónítóní. Tí ẹ bá délé, ẹ rọra dá ohun tó dín padà láàárín wákàtí bíi mélòó kan: fún kílò kan tó dín, lítà kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin sí lítà kan ààbọ̀, pẹ̀lú oúnjẹ tó níyọ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ìbáà ṣe ẹ̀bà àti ọbẹ̀ tàbí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín.

Ní oṣù ààwẹ̀ Ramadan, ẹ gbé ìrìn jíjìn sí ẹ̀yìn ìṣínu, tàbí kí ẹ gun kẹ̀kẹ́ níwọ̀nba ṣáájú sààrì. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn kíndìnrín, àìsàn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó lo àpòpọ̀ yìí, pàápàá nítorí pé pọ̀táṣíọ̀mù lè ṣe ewu fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó sì jókòó sílé kò nílò omi oníyọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5.

Bí ẹnì kan bá ṣubú

Bí ara ẹnì kan bá gbóná kọjá 40, tó ń sọ ìsọkúsọ tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ máa da omi sí i lára, kí ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi ọ̀rá omi dídì sí i ní ọrùn, abíyá àti ìtan. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù kí ẹ tó gbé e sọ́kọ̀. Ìṣẹ́jú yẹn ló ń gba ẹ̀mí là. Ẹ má ṣe rọ omi sí ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ, ó ń bì, tí ó sì ti mu omi púpọ̀, ẹ má tún fún un ní omi lásán mọ́. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, ẹ pe 112 tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ jù, kí ẹ sì sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì iye wákàtí tó ti wà lórí kẹ̀kẹ́, iye ọ̀rá omi tó ti mu, àti bóyá iyọ̀ wà nínú rẹ̀.