Bí Mo Ṣe Fi Yorùbá Sábẹ́ Fíìmù Kan fún Màmá ní Kabba

Fíìmù Yorùbá ni mo máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ní Lọ́kọ́ja nìyẹn. Tí ẹ bá ti rí sọ́bútáítù kan rí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń yọ lábẹ́ àwòrán, tó dà bíi pé ẹni tó mutí yó ló kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èmi nìkan ni mo wà nídìí iṣẹ́ yìí. Lọ́dún tó kọjá ni iṣẹ́ náà dorí kodò: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, Yorùbá ni mo fẹ́ kọ, ẹnì kan ṣoṣo ló sì máa wò ó.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọ wọn ọkùnrin, àbúrò mi, ti wà ní Kánádà láti 2017. Orí fóònù ló ti sọ fún wọn pé òun ti rí ẹni tí àwọn jọ ń gbé. “Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Ó ń tọ́jú mi. Ó ní kí n kí yín.” Ọdún méjì gbáko ni Màmá fi ń fi ìyàwó yẹn sínú àdúrà, tí wọ́n ń bi mí bóyá òyìnbó ni tàbí ọmọ tiwa. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ó, ó, ó. “Ó” kì í sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ọmọ náà ò parọ́. Màmá náà ò béèrè. Èdè wa ló ń bá àwọn méjèèjì ṣe é.

Lọ́jọ́ tó wá là á fún wọn pé ọkùnrin ni, Màmá pa fóònù, wọ́n ní nẹ́tíwọ́kì ni. Nẹ́tíwọ́kì yẹn lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àbúrò mi ò bẹ̀ wọ́n, kò sì bá wọn jà. DVD kan ló fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé sí mi, ó ní tí Màmá bá lè wò ó, kí wọ́n wò ó. Màmá gbà. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fimú sọ yẹn ni kò ní yé àwọn.

Moonlight ni fíìmù náà. Barry Jenkins ló darí rẹ̀ ní 2016, inú eré tí Tarell Alvin McCraney kọ ló ti mú un. Àdúgbò kan náà ní Miami ni àwọn méjèèjì ti dàgbà, Liberty City, ibẹ̀ náà sì ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló gba Oscar fíìmù tó dára jù lọ ní 2017, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣèèṣì pe orúkọ fíìmù mìíràn. Ọmọkùnrin kan, Chiron, ni òṣèré mẹ́ta ṣe: ìgbà èwe, ìgbà ọ̀dọ́, ìgbà tó dàgbà tán. Oògùn olóró ti gba ìyá rẹ̀. Juan, tó ń ta oògùn náà, ló sọ ara rẹ̀ di bàbá fún un. Kevin ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré.

Ti fáìlì ò le. Ìwé lásán ni, .srt ló gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀: nọ́ńbà, ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa yọ àti ìgbà tó máa lọ, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ gan-an. Mo mú ti Gẹ̀ẹ́sì, mi ò fọwọ́ kan àwọn àkókò rẹ̀, mo ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ níkọ̀ọ̀kan, mo ń fi tiwa sí i. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í sábà jẹ́ kí ìlà kan ju lẹ́tà 42 lọ, ìlà méjì ni ká sì dúró. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí mo ń lò wá ń ka àmì ohùn orí ẹ̀ àti ọ̀ bíi lẹ́tà mìíràn, gbogbo ìlà mi bá ń pọ́n. Mo pa ìkìlọ̀ rẹ̀ tì. Tí ẹ bá ń tọ́jú fáìlì yín, UTF-8, ọ̀nà ìtọ́jú lẹ́tà tó gba àmì Yorùbá, ni kí ẹ yàn. Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, àmì ìbéèrè ló kún ibi gbogbo. Tẹlifíṣọ̀n Màmá tún gbé tirẹ̀ dé: àpótí kéékèèké ló ń tò sí ipò gbogbo lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀. Nígbẹ̀yìn, mo lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ àwòrán pátápátá, kí tẹlifíṣọ̀n má rí nǹkan kan tú mọ́.

Mo gbé ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lọ sí Kabba láti dán an wò. “Òkun o,” “Òkun o,” a kí ara wa tán, a jókòó. Owé, èdè àdúgbò Kabba, ni Màmá ń sọ, àmọ́ Bíbélì àti ìwé orin ni wọ́n fi mọ ìwé kà, nítorí náà Yorùbá ìwé ò nira fún wọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọ́n ń kà á sókè bí ẹni tó ń ka Sáàmù ní sọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tó dé ìdajì, ìlà ti lọ. “Ta ló ń lé e?” Mo padà sí Lọ́kọ́ja, mo gé gbogbo ọ̀rọ̀ kúrú. Ohun tó gbà mí ni pé Chiron kì í sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá bi í ní nǹkan, á wolẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gan-an ló gba ọjọ́ 11 lọ́wọ́ mi. Little tí wọ́n ń pè é láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo kọ Bíńtín. Black tí Kevin sọ ọ́, Adú ni mo kọ, nítorí ẹni tó fẹ́ràn ẹ ló ń pè ẹ́ ní Adú. Juan sọ ìtàn ìyá arúgbó kan ní Cuba tó ní ara ọmọ dúdú máa ń di búlúù lábẹ́ òṣùpá. Mo ti kọ búlúù tán kí n tó rántí pé ìyá Màmá pa aró rí. Mo pa á rẹ́, mo kọ aró.

Ibi tábìlì ìjẹun ló pẹ́ mi jù. Ọmọ náà béèrè ìtumọ̀ èébú tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń bú u. Èwo ni kí n kọ? Èyí tó wà lẹ́nu àwọn agbèrò burú ju ohun tí mo lè fi sí iwájú ẹni ọdún 71. Èyí tí rédíò ń lò gùn bí ìwé ẹjọ́. Mo kọ “họ́mọ̀,” torí òun ni wọ́n ń sọ lọ́jà Kabba, Màmá sì ti gbọ́ ọ rí. Ìdáhùn Juan, mo kọ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dójú ti ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ náà wá bi Juan bóyá ó ń ta oògùn. “Ṣé ẹ máa ń ta oògùn?” Gẹ̀ẹ́sì ò ní “ẹ” yìí. Mo kọ́kọ́ ronú pé kí n yí i sí “o,” kí ìbínú lè hàn. Mo jẹ́ kí “ẹ” dúró. Ọmọ tó ṣì ń bọ̀wọ̀ fún ẹ nígbà tó ń tú àṣírí ẹ, ibo lo fẹ́ sá sí? Sí ìyá rẹ̀ náà, “ẹ” ni mo fi sí ọmọ náà lẹ́nu títí fíìmù fi parí, àti nígbà tí obìnrin náà ń gba owó lọ́wọ́ ẹ̀ pàápàá.

Ọmọ aládùúgbò kan ní kí n dà á kọ fún òun. Mo ní rárá. Òfin Nàìjíríà ti oṣù kìíní 2014 ṣì wà, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ló sì kọ sílẹ̀ fún ọkùnrin méjì tó bá fẹ́ra bíi tọkọtaya. Kò sọ nǹkan kan nípa fíìmù wíwò nínú yàrá, àmọ́ ta ló fẹ́ dúró ṣàlàyé ìyẹn ní àgọ́ ọlọ́pàá?

Ọ̀sán Sátidé la wò ó. Màmá gbé àtẹ ẹ̀gúsí sẹ́sẹ̀, wọ́n ń bó o. Nígbà tí Juan gbé ọmọ náà lé ọwọ́ nínú òkun, tó ń kọ́ ọ ní wíwẹ̀, wọ́n ní, “Ẹni burúkú tó láàánú.” Ní etí òkun lálẹ́, tí Chiron àti Kevin fẹnu kora, Màmá pòṣé, wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ yí gbágùúdá tí wọ́n sá síta. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọn ò yí nǹkan kan. Ẹ̀yìn fèrèsé ni wọ́n dúró sí. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n ní, “Dá a padà síbi tí mo ti lọ.” Mo dá a padà. Wọn ò kà á sókè lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tí ìyá Chiron ń sunkún níbi ìtọ́jú, tó ní kò pọn dandan kí ọmọ náà fẹ́ràn òun, ṣùgbọ́n òun fẹ́ràn rẹ̀, ọwọ́ Màmá dúró lórí ẹ̀gúsí. Ọ̀kan wà láàárín ìka wọn, èèpo rẹ̀ ti là, wọn ò bó o tán.

Ẹ má rò pé nǹkan kan tán síbẹ̀. Nígbà tó parí, wọ́n ní àwọn ò tíì fara mọ́ ọn, pé àwọn ṣì ń gbàdúrà, kí n má sì sọ fún pásítọ̀. Mo ní mo gbọ́, mà. Wọ́n wá ní kí n tún fi ibi ilé oúnjẹ yẹn hàn àwọn.

Ibi tí Kevin, tó ti di kúùkù, ti ń se oúnjẹ fún Chiron tó wakọ̀ láti Atlanta wá wò ó ni. Ó bu ìrẹsì sínú abọ́ kékeré, ó dojú rẹ̀ dé àwo, ó ṣí i, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ẹran adìẹ, ó rọra gbé e síwájú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, sọ́bútáítù kankan ò sí níbẹ̀. Màmá wò ó dópin.

“Ẹni yẹn tó wà lọ́dọ̀ ọmọ mi,” wọ́n ní, “ṣé ó mọ oúnjẹ sè?”

“Wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n sè, mà.”

Wọ́n bu ẹ̀gúsí mìíràn sínú àtẹ.