Baduanjin fún Ẹni Tí Àárẹ̀ Kímò Dá Dùbúlẹ̀

Lẹ́yìn kímò ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, n kò lè gbé kẹ́tù omi mọ́. Mo sùn, mo jí, àárẹ̀ náà ò lọ. Ẹni tí jẹjẹrẹ bá ti ṣe rí mọ̀ pé àárẹ̀ yìí kì í ṣe ti ẹni tó ti oko dé: oorun kì í lé e.

Guangzhou ní Ṣáínà ni mo wà nígbà náà, ní àdúgbò Xiaobei tí àwa ọmọ Nàìjíríà tó ń ra ọjà pọ̀ sí. Ìyá kan ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, Ayi ni gbogbo wa ń pè wọ́n, bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń pe àǹtí. Àwọn ló fà mí lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ sí ọgbà Yuexiu, níbi tí ère ewúrẹ́ márùn-ún wà. Àwọn àgbàlagbà ń ṣe Baduanjin níbẹ̀.

Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ègé aṣọ ṣẹ́dà mẹ́jọ. Láti ayé àwọn ọba Song ni wọ́n ti ń ṣe é, ìjọba Ṣáínà sì tún un tò ní 2003. Oríṣi qigong kan ni, ìyẹn eré ìdárayá jẹ́jẹ́ ti Ṣáínà tí èèyàn ń fi mímí bá lọ. Ní 2024, ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, ASCO, ka qigong àti tai chi, eré ìdárayá jẹ́jẹ́ mìíràn láti Ṣáínà, mọ́ ohun tó yẹ kí dókítà gba aláìsàn níyànjú láti fi dín àárẹ̀ kù nígbà ìtọ́jú.

Ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà yín o. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló kéré lára yín. Ìyẹn ní ìtọ́jú tirẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá ti wọ egungun, tàbí tí wọ́n fi rọ́bà oògùn sí yín lápá, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe.

Ẹ wọ bàtà tí kò yọ̀, kí ẹ gbé àga ti ògiri nítòsí. Ẹ dúró, kí ẹsẹ̀ méjèèjì jìnnà síra bí èjìká ṣe fẹ̀ tó, kí orúnkún rọ̀ díẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń gòkè, ẹ mí sínú; bó bá ń bọ̀ nílẹ̀, ẹ mí jáde. Ẹ má sé èémí.

Èkíní: ẹ fi ìka kọ́ ìka nísàlẹ̀ ìdodo, kí ẹ gbé ọwọ́ dé àyà, ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ padà, kí ẹ fi ti òkè bí ẹni ń gbé ọ̀run dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí mi ní ọmú òsì, nítorí náà àyà ni ọwọ́ mi ń dé títí ẹni tó ń na apá mi ní ọsibítù fi ní kí n máa gbé e sókè.

Èkejì dà bíi títa ọfà sí ẹyẹ idì: ọwọ́ kan na ọrun síta, èkejì ń fa okùn wá sí àyà, ojú ń tẹ̀ lé ìka tó nà. Ẹ̀kẹta, ọwọ́ kan tẹ òkè, èkejì tẹ ilẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ràn jù. Ohun tí wọ́n ń pè é ní Ṣáínà ni wíwo ẹ̀yìn nítorí àárẹ̀ márùn-ún àti ìpalára méje. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ síta títí àyà á fi ṣí. Ẹ wá yí orí jẹ́jẹ́ wo ẹ̀yìn lórí èjìká òsì. Ìbàdí kò gbọdọ̀ yí. Ẹ mí jáde, ẹ padà síwájú, kí ẹ ṣe ti ọ̀tún. Ọjọ́ tí n kò lè dìde, etí ibùsùn ni mo ti ń ṣe èyí nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta sí apá kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀karùn-ún ń ju orí sísàlẹ̀, ẹ̀kẹfà ń bẹ̀rẹ̀ dé ẹsẹ̀. Òòyì máa ń kọ́ mi níbẹ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀ títí kímò fi parí. Ẹ̀keje ni kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ tì í síwájú díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ojú tó là gbagada. Ẹ̀kẹjọ, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀meje. Ẹni tí egungun rẹ̀ kò le, tàbí tí oògùn mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri, kó má sọ ọ́ kalẹ̀ rárá: kó di àga mú, kó gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.

Gbogbo rẹ̀ tó ìṣẹ́jú 15, ṣùgbọ́n ẹ fi márùn-ún bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ara mi yá, mo ṣe é tán pátápátá, ọjọ́ méjì ni mo sì fi wà lórí ibùsùn. Ayi kò bá mi wí. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, “Manman, manman,” ìyẹn ni jẹ́jẹ́. Láti ìgbà náà, mo ń dúró nígbà tí agbára ṣì kù lára mi. Bó bá rẹ̀ yín jù lọ́jọ́ kejì, ẹ gé e sí ìdajì. Bí àyà bá ń dùn yín, tí èémí ń ṣe gúlegúle, tàbí tí ara gbóná, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ pe ọsibítù.

Ọjọ́ kímò gan-an àti ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, ìjókòó ni mo fi ń ṣe é: èkíní, ẹ̀kẹrin, ẹ̀keje, ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.